Ṣúgà Ò Wálẹ̀, Ta Ló Bi Aláìsàn Léèrè Ìdí Ẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ kíníìkì àtọ̀gbẹ lórílẹ̀-èdè wa, bí ṣúgà bá ti ga, ìbéèrè kan náà ni: “Màmá, kí lẹ jẹ?” Wọ́n á bá wọn wí, wọ́n á fi kún oògùn, ó parí. Saikọ́lọ́jíìsì, ìyẹn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, tó yẹ kó wádìí ọ̀rọ̀ náà síwájú, kì í sábà sí níbẹ̀.

Òun kì í kọ oògùn. Ìdí tí ẹni tó mọ oògùn ẹ̀ dáadáa kì í fi í lò ó ló ń wá: ṣé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni, àbí ẹ̀rù pé ṣúgà lè já wálẹ̀ jù lóru, àbí àìsàn náà ti sú u ni? Sísú yìí yàtọ̀ sí ìsoríkọ́, bí wọ́n tiẹ̀ jọra.

Owó náà wà ńbẹ̀ o. Ní 2023, Sanofi tó ń ṣe insulin kéde pé òun ò ní máa ta ọjà fúnra òun mọ́ ní Nàìjíríà; náírà náà sì já. Ẹni tó ń dín insulin kù kó lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé dókítà tó ń kánjú ló máa jẹ́wọ́ fún?

Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ni wọ́n sábà máa ń fi saikọ́lọ́jíìsì sí. Ẹ ní kí Bàbá lọ rí i, wọ́n á ní: “Ṣé wèrè ni mí, tẹ́ ẹ fẹ́ mú mi lọ Arò?” Wọn ò ní lọ. Àmọ́ bó bá jókòó sí kíníìkì àtọ̀gbẹ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ṣúgà wò, wọ́n á kàn bá a sọ̀rọ̀ ni.