Wáyà iná ọba tó ń kùn lókè ọjà àti ilé: Ibo ni ewu wà?

Ẹni tó ń gbé nítòsí wáyà iná ńlá ní Nàìjíríà mọ ohùn náà dáadáa: ó ń kùn bí oyin, pàápàá nígbà òjò. Kòrónà ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Iná tó ń gba irú wáyà bẹ́ẹ̀ kọjá lè tó fólítì 330,000. Bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ tó yí wáyà ká yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná díẹ̀díẹ̀. Èyí ń fi iná ṣòfò, àmọ́ òun kọ́ ló ń pa ènìyàn.

Ààkì ló léwu

Ní ti ààkì, iná yóò fo afẹ́fẹ́ kọjá sára òpó, ilẹ̀ tàbí ènìyàn, pẹ̀lú ooru tó lè yọ́ irin. Kò dìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan wáyà. Ọ̀pá irin tí bíríkìlà gbé sókè tó láti fà á.

Nígbà ọyẹ́, eruku Sàhárà ń bo àwo tánganran tó gbé wáyà dúró. Bí ìrì bá rin ín, iná rí ọ̀nà gbà nìyẹn, ìlú sì lè ṣókùnkùn.

Ta ni yóò kúrò?

Ìlànà ní kí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 50 ṣófo lábẹ́ wáyà yìí. Síbẹ̀, ọ̀wọ́n ilẹ̀ ń ti ọlọ́jà àti onílé síbẹ̀. Ní Kinshasa, lórílẹ̀-èdè Kóńgò, wáyà já lu ọjà lọ́jọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 2022. Ènìyàn 26 ló kú.

Lílé ènìyàn nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Ẹni tí wọn kò fún ní ibòmíràn yóò padà síbẹ̀.