Ẹni Tí Fáìlì Àṣírí Ìjọba Bá Bọ́ Sí Lọ́wọ́

Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n sì ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé fáìlì ju fáìlì lọ. Òmíràn wà tí ẹnikẹ́ni lè gbé láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Òmíràn sì wà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ àṣírí mọ́ lára. Ní ayé tí fóònù wà lápò tọmọdé tàgbà yìí, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti ya ìwé náà ní fọ́tò, ó ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun náà ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀wọ̀n.

Láti ọdún 1962 ni òfin tí ó de àṣírí ìjọba ti wà ní Nàìjíríà, kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tí ó ta àṣírí fún ọ̀tá nìkan ni òfin náà ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ìwé àṣírí lé ẹni tí kò ní àṣẹ lọ́wọ́ jẹ̀bi. Ẹni tí ó gbà á láìgbàṣẹ jẹ̀bi. Ẹni tí ó ṣe àdàkọ rẹ̀, tàbí tí ó gbé e pamọ́ sílé, òun náà jẹ̀bi. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ti pa á láṣẹ kò bọ́ níbẹ̀. Bí ìjọba bá gbé e gba ọ̀nà ẹjọ́ ńlá, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14. Bí ó bá jẹ́ ẹjọ́ kékeré, ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ ni, tàbí owó ìtanràn 200 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi 200 náírà yìí rẹ́rìn-ín: owó ni kò níyì mọ́, ọdún ẹ̀wọ̀n kò dín kù.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí ọ̀gá kan fẹ́ bò mọ́lẹ̀ ni òfin náà pè ní àṣírí. Ohun tí ìjọba ti kà sí àṣírí, tí títú rẹ̀ yóò sì pa ààbò Nàìjíríà lára, ni. Ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, tí kò mọ̀, tí kò sì sí bí ì bá ti ṣe mọ̀, lè rí àwíjàre, bí ó bá jẹ́ pé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó mọ̀ ni ó lọ sọ ohun gbogbo fún ọlọ́pàá. Bí ó bá kọ́kọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó, ó ti ba àwíjàre ara rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ títú àṣírí ìlú kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí. Ní ọdún kẹjọ Hijira, nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń múra àtilọ sí Mẹ́kà ní bòńkẹ́lẹ́, Hátíb ọmọ Abí Balta'a kọ lẹ́tà sí àwọn ará Mẹ́kà, ó sì fi rán obìnrin kan. Wọ́n gba lẹ́tà náà lójú ọ̀nà. Umar ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bẹ́ ẹ lórí. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó mú un ṣe é. Hátíb ní nítorí àwọn ẹbí òun tí kò ní alábòò ní Mẹ́kà ni. Wọ́n dárí jì í, nítorí ó wà lára àwọn tí ó ja ogun Badr. Ìwà náà fúnra rẹ̀ ni Al-Kùránì bá wí.

Ìbéèrè yẹn ni ìjọba ológun kò bìkítà láti bi Tunde Thompson àti Nduka Irabor ní ọdún 1984. Àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Guardian méjì yìí gbé ìròyìn àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú nílẹ̀ òkèèrè jáde kí ìjọba tó kéde rẹ̀. Kì í ṣe òfin ọdún 1962 ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́ bí kò ṣe òfin ológun kẹrin ọdún náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni olúkúlùkù wọn gbà. Ilé iṣẹ́ wọn san 50,000 náírà.

Òfin tí ó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ ìjọba, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ni ó mú ìbéèrè náà padà wá. Abala 27 rẹ̀ dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó tú ìwé síta láìgbàṣẹ, bí ó bá ní ìdí láti gbàgbọ́ pé ìwé náà fi rírú òfin hàn, tàbí jìbìtì, tàbí fífi owó ìlú ṣòfò, tàbí ewu fún ìlera ará ìlú. Abala 28 ní òǹtẹ̀ àṣírí nìkan kò tó láti fi dù ará ìlú ní ìwé tí ó béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun yóò gbà ní Borno han ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí fáàrí kò lè sá sábẹ́ abala kankan nínú rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì ti sọ ní ọdún 2025 pé òfin yìí de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ná owó ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ kò nílò láti bẹ ọ̀rẹ́ kí ó jí fáìlì fún un. Kí ó kọ̀wé béèrè. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ó ní ọjọ́ 30 láti gba ilé ẹjọ́ lọ, ẹni tí ó bá sì fi í dù ú láìtọ́ yóò san ìtanràn 500,000 náírà.