Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Igbó Ni Kí Ó Gba Owó Igbó

Àwọn orílẹ̀-èdè àti iléeṣẹ́ olówó tí èéfín wọn ń da ojú ọjọ́ rú ti ń sanwó kí igbó má baà run, nítorí igi ní í fa èéfín náà mọ́ra. Owó kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti wọ ètò rẹ̀ tí à ń pè ní REDD+. Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí igbó ọba Ọmọtọ́ọ̀ṣọ́ tó wà lápá Òkìtìpupa. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni yóò gba owó náà?

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí a kò bá ṣọ́ra, Àkúrẹ́ ni owó yóò dé sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì tán sí. Àgbẹ̀ tí a ní kó má dáko mọ́ yóò wá máa fi ebi ṣọ́ ọrọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ wo Cross River. Àwọn ará Ekuri ti ń tọ́jú igbó wọn tipẹ́, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Equator ní 2004. Ní 2008, ìjọba fòfin de igi gígé. Owó igi dúró. Owó kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń retí kò tètè dé.

Ìjọba lè ní òun yóò fi owó náà la títì. Ojúṣe ìjọba ni títì. Owó ọ̀yà ẹni tó ṣọ́ igbó ni owó igbó. Nítorí náà, kí wọ́n kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan àti ìpín rẹ̀ sínú àdéhùn, kí owó wọ àpò ìlú tààrà, kí wọ́n sì ka ìṣirò rẹ̀ ní gbangba.

Bí ará iwájú bá já sí kòtò, ọgbọ́n ni fún ará ẹ̀yìn.