Àgbà Wà Lọ́jà, Orí Ọmọ Tuntun Ń Wọ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi lọ́jà Ìlerò, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ọkọ̀ tó ń fi iṣu wa pẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Àbí nítorí ta ni a ṣe ń jí lọ sọ́jà láfẹ̀mọ́jú?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyàwó kékeré kan ń ta èlùbọ́ ní iwájú ìsọ̀ mi. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ló pọ̀n sẹ́yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ó ní, "Ìyá, òní ni wọ́n ní kí n gbé ọmọ yìí wá gba àbẹ́rẹ́ o." Mo wo èrò tó ń bọ̀, mo wo àpò èlùbọ́ tó tò sílẹ̀. Èmi tí mo dàgbà jù ú lọ, èmi ni mo la ẹnu tí mo ní, "Jẹ́ ká tajà ná. Àbẹ́rẹ́ ò sá lọ."

Ó gbọ́ tèmi. Ó tajà lọ́jọ́ náà, ó tà á tán. Nígbà tó wá ráyè lọ, kò rí káàdì ọmọ mọ́. Wọ́n jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn níbi tó lọ. Ojú tì í, ó pọn ọmọ rẹ̀ padà sílé, kò sì lọ síbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí èèyi fi mú ọmọ náà. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa mọ́ títí dòní. Bí ọmọ náà bá ń gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá, ṣe ni mo máa ń tẹrí ba, bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́, èmi gan-an ni mo sì tì í.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé àwọn abiyamọ ìsinsìnyí ya ọ̀lẹ, pé wọn kì í gbé ọmọ lọ fún àbẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni wá, a mọ ìṣírò. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ àbẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún máa gbà á ní ọ̀sẹ̀ 6, ní ọ̀sẹ̀ 10, àti ní ọ̀sẹ̀ 14. Ti oṣù 9 ń bọ̀, ibẹ̀ ni ti èèyi àti ti ibà pọ́njú wà. Ti oṣù 15 ló ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ó dáa. Láti ọ̀sẹ̀ 6 dé ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, ọjọ́ 28. Láti ọ̀sẹ̀ 10 dé ọ̀sẹ̀ 14, ọjọ́ 28 náà ni. Àwa tí à ń ná ọjà ọrún-ọrún ní Òkè-Ògùn ńkọ́? Bí a bá ná ọjà lónìí, ọjọ́ mẹ́ta ló máa là á láàrin, a tún ná an. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni. Ẹ fi mẹ́rin pín 28, ó máa pé gẹ́lẹ́, kò ní ṣẹ́kù.

Ṣé ẹ ti rí ohun tí mò ń wí? Bí ọjọ́ àbẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ti ọ̀sẹ̀ 10 máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ti ọ̀sẹ̀ 14 náà máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ìyá ọmọ kan wà tí kò ní ṣe kòńgẹ́ ọjà rárá, ìyá ọmọ mìíràn sì wà tí ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n máa fi ọjà àti ọmọ sí ìwọ̀n fún un. Ẹni tó ń fi owó àjọ rajà, tó ń fi èrè ọjọ́ kan jẹun títí di ọjọ́ ọjà mìíràn, ṣé ọ̀lẹ ni ká máa pè é? Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò rí ẹni bá a jókòó ti ọjà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa yan àwọn obìnrin tó máa máa lọ ṣèrànwọ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ àti ọjọ́ àbẹ́rẹ́, láìgba kọ́bọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní, "Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kẹ̀! Iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn." Rárá o. Àwọn bàbá wa mọ àáró. Lónìí gbogbo wọn á kọ ebè tìẹ, lọ́la wọ́n á kọ ebè tèmi. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé, á bẹ ọ̀wẹ̀. Ta ló ń sanwó fún wọn? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí oko rẹ̀ di igbó. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju àáró lọ. Ọmọ la ó máa ṣe é fún dípò iṣu.

Kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é rí. Ní ọdún 1956 ni dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò pẹ́ tó fi gbé iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí wọ́n ti dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fàmì sí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń gbé káàdì náà lọ tọ́jú sílé. Bí ìlà inú káàdì bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà nìyẹn. Bí ìlà bá dúró sójú kan, àìsàn tàbí ebi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ojú tó rí i. Irú káàdì yìí ló tàn kárí ayé. Àwa Yorùbá ló kọ́kọ́ tò pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn fún un. Ohun tó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé ni pé àwọn obìnrin ìlú tí ìwé wọn kò pọ̀ ni wọ́n kọ́ ní ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣe é yanjú.

Ẹ tún wo Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin ọjà jọ, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ẹgbẹ́ náà sì di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní ọdún 1946. Ọmọ rẹ̀, Olikoye, tó jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé, ló di mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992, òun ló sì tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé kí ìtọ́jú alábọ́dé dé ìgbèríko. Ọmọ ìyá tó dúró ti àwọn obìnrin ọjà ló wá dúró ti àwọn ọmọ obìnrin ọjà.

Lókè Ọya, láti 2012, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin àdúgbò ni wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé nítorí rọpárọsẹ̀. Owó tí wọ́n ń fún wọn kò tó nǹkan. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn fún wọn ni pé wọ́n mọ̀ wọ́n. Ìyá Bàbá Lágbájá ni, kì í ṣe àlejò. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àbáláyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó pàápàá tí owó wà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Harrison dá ẹgbẹ́ Home-Start sílẹ̀ ní ìlú Leicester ní 1973. Iṣẹ́ wọn ni kí ìyá tó ti tọ́mọ rí máa lọ jókòó ti ìyá tí ọmọ wẹ́wẹ́ ń dà láàmú. Bí àwọn tó ní ohun gbogbo bá rí i pé àwọn nílò èèyàn, àwa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí a ó ṣe ṣe é. Ẹni mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí á máa yan lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kó máa yí ká bí àjọ.

Ẹni kìíní máa dúró sọ́jà. Òun ló máa jókòó ti ìsọ̀ àwọn abiyamọ tí àbẹ́rẹ́ ọmọ wọn bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Kí oní nǹkan sọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ, kí wọ́n ka ọjà níṣojú ẹlẹ́rìí kan, kí wọ́n kà á nígbà tó bá dé. Ọ̀rọ̀ owó kò gba ojú àánú.

Ẹni kejì máa wà ní ilé ìwòsàn. Á máa to èrò, á máa wá káàdì, á máa gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Tẹ́ẹ̀pù kan wà tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ láti oṣù mẹ́fà dé ọdún márùn-ún, ó ní àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa. Bí apá ọmọ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa nìyẹn, kí wọ́n tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Àwa tí a mọ̀ bí kóńgò bá kún àti bí kò bá kún, àwa tí à ń wọn ọ̀pá aṣọ láìṣìrò, ṣé apá ọmọ la ò ní lè wọ̀n? Bí ẹni tó gbọ́ èdè Fúlàní bá wà láàrin wa, kó wá o, nítorí àwọn ìyá oníwàrà láti gáà máa ń jókòó síbẹ̀ láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń bá wọn sọ.

Ẹni kẹta máa lọ sílé ẹni tí kò wá. Kó má lọ bá a jà o. Kó bi í pé kí ló dé. Ẹ rántí ìyàwó kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnì kan bá ti lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ìtìjú káàdì tó sọnù kò ní di ìṣòro ojú.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò sí omi kankan, ooru ì báà mú bí iná. Omi wà nínú ọmú. Lẹ́yìn náà ni ògì ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògì lásán. Ohun tó máa ń dùn mí nìyí: à ń ta ẹ̀wà, à ń ta ẹ̀gúsí, à ń ta sóyà, ọmọ wa nílé ń mu ògì tó ṣàn bí omi. Ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ọn! Ẹ gé ẹyin sí i.

Àwọn nǹkan tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe náà wà. A kò gbọ́dọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. A kò gbọ́dọ̀ júwe oògùn. A kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ti pọ́fupọ́fu. Ohun tí a bá sì rí nínú káàdì ọmọ ẹlòmíràn, kò gbọ́dọ̀ dé ìsọ̀ aláta. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò bá lè dúró, kó dúró ti ọjà.

Àwọn kan máa ní, "Ìjọba ń sanwó fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ló kàn wá?" Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni láti gba nọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó, kó sì kó oògùn wá. A ò ní torí pé à ń ṣèrànwọ́ ká dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ló máa mọ̀ pé oògùn ti tán fún oṣù méjì? Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni. Bí a bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, tí a sọ ọjọ́, tí a sọ ohun tó tán, wọ́n máa gbọ́ wa ju kí á jókòó sísàlẹ̀ igi máa ṣépè.

Àwọn mìíràn máa ní àwọn nọ́ọ̀sì ń jágbe mọ́ èèyàn. Mo gbà. Jíjágbe yẹn ló lé ìyàwó tí mo sọ lọ, kò sì dáa. Ṣùgbọ́n mo ti rí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo láàrin ogunlọ́gọ̀ ìyá, ọmọ ń ké lọ́tùn-ún, ọmọ ń ké lósì, kò tíì jẹun láti àárọ̀. Bí ẹnì kan bá bá a to èrò, tí ẹnì kan bá bá a wá káàdì, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Bí kò bá sì rọ̀, àgbà tó wà níbẹ̀ máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, mo bẹ Ìyálọ́jà àti gbogbo olóyè ẹgbẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú ilé. Kí wọ́n rán ẹni méjì lọ bá àwọn tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn sọ ọ́, kí wọ́n sì béèrè bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn fún ọmọ tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọlu ọjà. Lẹ́yìn náà, kí akọ̀wé mú ìwé wá, kó kọ orúkọ.

Orúkọ tèmi ni kí ó kọ́kọ́ kọ. Ojú ọmọ ọjọ́sí kò ní tìtorí ẹ̀ là mọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà kan ń bọ̀, ìyàwó kékeré mìíràn máa dúró níwájú mi tòun tọmọ, á ní, "Ìyá, òní ni wọ́n ní kí n wá o." Mo fẹ́ lè sọ fún un pé, "Máa lọ. Mo wà níbí."

A ò ní fi ọjà ṣòfò, a ò sì ní fi ọmọ ṣòfò.