Èyí Tí Ẹ Tò Yẹn Kì í Ṣe Oúnjẹ Etí Òkun

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, àwa mẹ́rin péjọ sí ilé ìgbàlejò kan ní etí òkun Èkó láti ṣètò oúnjẹ tí a ó fi ṣe àwọn àlejò wa lálejò fún ọjọ́ mẹ́ta. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan níta. Wọ́n ti kó gbogbo àga kúrò létí omi, atẹ́gùn sì ń gbá aṣọ ojú fèrèsé síwá sẹ́yìn. Lórí ìwé tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ni a kọ ọ́ sí gàdàgbà pé oúnjẹ sọ́mà ti agbègbè etí òkun ni. Mo ṣí i. Ìrẹsì dídín, sàláàdì tútù, adìyẹ sísun, ẹja inú yìnyín tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkè òkun, áísìkiríìmù, kéèkì. Mo béèrè bóyá a lè rí púpúrú àti ọbẹ̀ ẹja. Alásè náà, ọmọ dáadáa tí kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn, rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Bàbá, àwọn àlejò wa kì í jẹ irú ìyẹn.'

Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ bá jà níhìn-ín, kì í ṣe ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ sọ́mà ná. Àwọn òyìnbó tí ó ni sọ́mà ń gbé nínú òtútù fún ìdajì ọdún. Bí oòrùn bá yọ sí wọn ní oṣù Kẹfà, inú wọn a dùn, wọn a gbé tábìlì jáde, wọn a sì máa jẹ ohun tútù. Ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ní etí òkun tiwa, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje ni òjò fi ń rọ̀, oṣù Kẹfà ni ó sì máa ń le jù. Á sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á tún padà dé ní oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn wa. Ẹni tí ó bá gbé sàláàdì tútù àti áísìkiríìmù síwájú àlejò nínú òjò oṣù Keje, òtútù ni ó fi ṣe é lálejò. Mo fura pé ọ̀dọ̀ àwa olùkọ́ gan-an ni àrùn yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwa tí a ń gba owó ẹ̀kọ́ sọ́mà lọ́wọ́ òbí nígbà tí àwọn ọmọ ń wọ́ ẹrẹ̀ bọ̀ wá sí kíláàsì.

Òjò kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Òun ni ó ń mú àgbàdo tuntun wá, tí a ń sè tàbí tí a ń sun, tí a sì ń fi àgbọn jẹ. Òun náà ni ó ń mú àsálà wá. Àgbálùmọ̀ ní tirẹ̀ a dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá lọ. Àwọn baba wa kò ní oúnjẹ àdídùn kan tí a ń jẹ tẹ̀ lé oúnjẹ gidi. Ìpápánu ni tiwa, ó sì ní àkókò tirẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Bí ẹ bá sì sọ pé dandan ni kí ohun dídùn kádìí oúnjẹ nítorí àlejò, n kò bá yín jiyàn. Gúrúńdì ńkọ́? Bàbá dúdú ńkọ́, tí a ń se oje àgbọn pẹ̀lú ṣúgà títí tí yóò fi pọ́n, tí yóò sì dúdú? Àgbọn kún Àgbádárìgì fọ́fọ́. Kí ni a wá ń wá lọ sí inú agolo mílíìkì?

Mo padà sí púpúrú, nítorí òun ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ àti àwọn ará omi tí ó yí wọn ká ni. Wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. Wọn a yọ okùn inú rẹ̀, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a mọ ọ́n ní roboto, wọn a sì tò ó sókè iná títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọn a ha dúdú náà kúrò, wọn a gún funfun inú rẹ̀, wọn a jọ̀ ọ́, wọn a sì rò ó nínú omi gbígbóná. Ẹ kíyè sí i pé èéfín ni ó gbẹ ẹ́, kì í ṣe oòrùn. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ omi, tí ó ti mọ bí a ti ń fi èéfín tọ́jú ẹja, ni ó lè ronú kan irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Òórùn èéfín díẹ̀ tí ó kù lára rẹ̀ ni àwọn kan fi ń yínmú sí i. Àwọn kan náà ni wọ́n ń sanwó gọbọi lórí ẹran tí òyìnbó fi èéfín yan.

Ẹnìkan nínú wa sọ fún mi pé ẹ̀gẹ́ pàápàá kì í ṣe tiwa, pé kí n má sọ ara mi di adájọ́ ohun àtọwọ́dọ́wọ́. Òótọ́ ni. Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Fréjọ̀n náà ńkọ́, ẹ̀wà tí àwọn Àgùdà Èkó ń fi oje àgbọn sè, tí wọ́n sì ń fi ẹja jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere? Orúkọ ẹ̀wà lédè Potogí ni orúkọ rẹ̀. N kò bá àjèjì jà. Etí òkun ni ẹnu ọ̀nà tí àjèjì ń gbà wọlé, oúnjẹ etí òkun kò sì lè ṣàì ní àjèjì nínú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba ẹ̀gẹ́ sọ ọ́ di púpúrú, àwọn Àgùdà sì jókòó ti ẹ̀wà wọn títí ó fi di ti Èkó. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ìyẹn. Iṣẹ́ wo ni ó wà nínú kí a já ọ̀rá ẹja inú yìnyín?

Wọ́n tún ní àlejò kò ní jẹ ẹ́. Ẹ wo Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Àkàrà tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá wa ni wọ́n ń dín lójú títì nínú epo pupa títí di òní, akarajẹ ni wọ́n sì ń pè é. Ní 2005, ìjọba orílẹ̀-èdè náà fi iṣẹ́ àwọn alákàrà sínú ìwé ogún àṣà wọn. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti 2014 ń bọ̀, tí òfin ìdíje náà fẹ́ lé wọn kúrò ní sàkáání pápá ìṣeré ní Salvador, àwọn obìnrin náà kò dákẹ́. Ní 2013 wọ́n gba àyè láti ta àkàrà wọn níbẹ̀. Àlejò gbogbo àgbáyé jẹ ẹ́. Àwa tí a ni ìyá àkàrà ni ojú ń tì.

Bí mo bá sì ń pariwo, ó nídìí. Òkun ń jẹ Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ilé púpọ̀ níbẹ̀ sì ti bá omi lọ. Bí àwọn obìnrin ibẹ̀ bá tú ká, ààrò wọn kò ní tẹ̀ lé wọn. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun tí yóò ti Èkó dé Kàlàbá, ilé ìgbàlejò yóò sì hù lẹ́bàá rẹ̀ bí olú. Ohun tí àwọn ilé wọ̀nyí bá kọ sínú ìwé oúnjẹ wọn ni wọn yóò máa rà lọ́jà. Bí wọ́n bá kọ púpúrú, ìkọ́kọrẹ́, akàn àti edé, àwọn tí ń ṣe é yóò rí oníbàárà. Kí wọ́n sì pe ẹja ní orúkọ rẹ̀. 'Ẹja' lásán kò tó. Ọ̀bọ̀kún ni, tàbí àrọ̀, tàbí ẹpìyà, tàbí ṣàwá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ó bá a mu. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí a bí sí Èkó dárúkọ ẹja méjì péré fún mi, Títù àti kòtè, inú yìnyín ni méjèèjì sì ti ń jáde.

Nígbà tí ìpàdé wa tú, wọ́n gbà fún mi pé kí a se ìkọ́kọrẹ́ ní ọjọ́ kejì. Mo ti dé ìdí ọkọ̀ mi kí alásè yẹn tó sáré bá mi nínú òjò. Ó ní ará Ìgbókòdá ni ìyá òun, pé púpúrú ni wọ́n fi tọ́ òun dàgbà, pé ìyá òun ṣì lè bá wa wá èyí tí ó dára. Mo bi í pé àwọn àlejò wo ni kì í jẹ ẹ́ nígbà náà. Kò dá mi lóhùn. Ó na ìwé oúnjẹ náà sí mi, ó ní kí n jọ̀wọ́ bá òun kọ púpúrú síbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, nítorí òun kò tíì rí i nínú ìwé rí.