Ìlera Ilé Wa: Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò

 

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun tó kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ da obì tán ni àbúrò mi ọkùnrin fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ó yọ ìwé kan lápò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ṣe nọ́ọ̀sì. Iléèwé ní kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n fún ọmọ mi lábẹ́rẹ́ HPV. Àwọn èèyàn ní kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ mọ́. Ọmọ tí mo tọrọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun, ṣé èmi náà ni kí n wá dí ọ̀nà ọmọ mọ́ ọn?"

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ilé tiwa, ẹ̀rù wo ló tún ju ti àìrọ́mọbí lọ? Àmọ́ mo bi í pé, "Ṣé o rántí àbúrò ìyá wa?" Ó dákẹ́.

Màmá yẹn ti dẹ́kun nǹkan oṣù tipẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìtìjú kò jẹ́ kó sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń mu àgbo ní kọ̀rọ̀. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, síbẹ̀ n kò mọ̀. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ti ràn kọjá ohun tí dókítà lè gé. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ ìṣekúṣe lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí dòní.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìwádìí sọ. Dókítà ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló takú pé kòkòrò àìfojúrí HPV ló wà nídìí jẹjẹrẹ yìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí kòkòrò mìíràn. Ní 1983, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí HPV 16 nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ní 1984, wọ́n rí HPV 18. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Oríṣi HPV lé ní 100, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fa jẹjẹrẹ. Àmọ́ méjì yìí ló ń fa nǹkan bíi 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kì í ṣe àrùn oníṣekúṣe o: ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó ti ní ìbálòpọ̀ rí ló ń kó o nígbà kan. Obìnrin tí kò mọ ju ọkọ rẹ̀ lọ náà lè kó o. Lára ọ̀pọ̀, ara á lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Lára àwọn díẹ̀, yóò jókòó sí ẹnu ilé ọmọ, yóò já ìjánu àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, wọ́n á máa pọ̀ sí i láìdúró. Ó sábà máa ń gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ wo bí àyè ti pọ̀ tó! Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í gbà.

Abẹ́rẹ́ yìí ni àdá wa. Kò sí kòkòrò HPV gan-an nínú rẹ̀. Ohun tó jọ èèpo rẹ̀ ni, kí ara lè dá a mọ̀ bí ajá ọdẹ ṣe ń mọ òórùn ẹran kó tó rí i. Kì í dí ilé ọmọ. Jẹjẹrẹ gan-an ló ń mú kí wọ́n gé ilé ọmọ obìnrin kúrò. Oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n tó mọ ọkùnrin ló dára jù, torí kì í wo èyí tó ti wọlé.

Àwa àgbà ńkọ́? Ayẹ̀wò ni tiwa, láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ọ̀nà kan ni kí nọ́ọ̀sì fi omi kíkan pa ẹnu ilé ọmọ. Bí ibì kan bá funfun, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ kó tó burú. Obìnrin tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kó má fi falẹ̀ rárá.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rúbọ. Èmi náà ń rú. Àmọ́ ẹni tó bọ Ògún nítorí ọ̀nà ṣì ń wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọdá títì.

Àbúrò mi kò tíì fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ní òun á kọ́kọ́ bi Ifá. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kó bá mi dé ilé ìwòsàn ìjọba ná, kó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọ̀la la ń lọ.

Ẹ̀yin obìnrin ilé, bí ojú bá ń tì yín láti dá lọ ṣe ayẹ̀wò, ẹ wá bá mi lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń bọ̀. Màá tẹ̀ lé yín. N kò tẹ̀ lé àbúrò ìyá mi nígbà tó yẹ.

Àìtètèmọ̀ kò ní pa wá o. Àṣẹ.