Ta Ní Ń Bá Yín Ka Fóònù Yín?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọbẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìgbàlódé ti dé, wọ́n ní ìṣẹ́ máa tán nílẹ̀. Wọ́n ní kí olúkúlùkù sáà ti ra fóònù, kí ó fi íntánẹ́ẹ̀tì sí i, owó á máa wọlé. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ènìyàn kò lè kà, ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpò tirẹ̀ ni ó wà.

Ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀tá wa. A ó sọ ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí kò ti ṣe nǹkan kan.

Ní ọdún 2005, ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà, Nicholas Negroponte, sọ pé òun fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwọn ilẹ̀ tálákà ní kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀. Ilẹ̀ Pérù gbọ́, ó sì ra èyí tó ju 800,000 lọ. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí tẹ ohun tí wọ́n rí ní ilé-ìwé abúlé 319 jáde. Àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà kò mọ ìṣirò ju àwọn tí kò gbà lọ, wọn kò sì mọ ìwé jù wọ́n lọ. Owó ńlá lọ. Ẹni tó fún ọmọ ní ọkọ́, tí kò kọ́ ọ bí a ti ń kọ ebè, ṣé iṣu ni ó ń retí?

Ẹ wá wo ìpínlẹ̀ Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà. Apẹja pọ̀ létí òkun níbẹ̀. Láyé àtijọ́, èbúté abúlé rẹ̀ ni apẹja kọ̀ọ̀kan ti ń ta ẹja. Bí ẹja bá pọ̀ jù níbẹ̀, á bàjẹ́. Kò mọ ohun tó ń lọ ní èbúté kejì, epo ọkọ̀ sì wọ́n, kò lè máa wá oníbàárà kiri. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1997, ní Badagara, apẹja 11 da ẹja wọn nù nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rà á. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, ní àwọn ọjà tí kò jìnnà ju kìlómítà 15 lọ, oníbàárà 27 wá ẹja tì.

Láàárín ọdún 1997 sí 2001, fóònù alágbèéká tàn dé etí òkun náà. Apẹja á wà lójú omi, á pe èbúté yìí, á pe tọ̀hún, á béèrè iye tí wọ́n ń rà á, kó tó darí ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Robert Jensen, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, ṣírò rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2007. Èrè àwọn apẹja fi nǹkan bí 8 nínú 100 lé sí i. Iye tí àwọn ará ìlú ń ra ẹja sì fi nǹkan bí 4 nínú 100 wálẹ̀. Ẹja tí à ń dà nù tán. Ẹni tó ń tà jèrè, ẹni tó ń rà náà jèrè.

Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Pérù? Kò sí ẹni tó fi fóònù ta àwọn apẹja wọ̀nyí lọ́rẹ. Wọ́n fi owó ara wọn rà á, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1991, kí fóònù yẹn tó dé, Kerala ti kéde pé àwọn ará ìpínlẹ̀ náà ti mọ̀wé. Àgbà obìnrin kan, Chelakkodan Ayisha, tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, ni wọ́n ní kó kéde rẹ̀ fún ayé gbọ́. Èdè ilẹ̀ wọn, Malayalam, ni ó fi kọ́ ọ. Òótọ́ ni pé ohùn ni àwọn apẹja fi ń pe èbúté, ìwé kọ́ ló ta ẹja. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe lónìí ti kọjá ti ohùn nìkan.

Ní Kẹ́ńyà, ilé-iṣẹ́ Safaricom bẹ̀rẹ̀ M-Pesa ní oṣù kẹta ọdún 2007, kí ènìyàn lè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù kékeré láìní báǹkì. Ní ọdún 2016, Tavneet Suri àti William Jack ṣírò pé ó ti yọ nǹkan bí ilé 194,000 kúrò nínú ìṣẹ́ paraku. Àwọn ilé tí obìnrin ń darí ni ó ràn lọ́wọ́ jù. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni M-Pesa ń sọ o. Ó ń sọ Swahili, tí ọlọ́jà mọ̀.

Ní Tógò, ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba fi ètò Novissi fi owó sórí fóònù àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró: sẹ́fà 12,250 lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin. Ó ju ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn lọ tó gbà á. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, a kò ní torí ìbínú sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà káàdì ìdìbò ni wọ́n ní kí ènìyàn tẹ̀. Ẹni tí kò lè kà á, ẹlòmíràn ni yóò bá a tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ sí ọjà èyíkéyìí nílẹ̀ wa. Ìyá kan ta gàrí, wọ́n fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Fóònù dún. Ọ̀rọ̀ tó jáde, Faransé ni. Ó na fóònù sí ọmọ tó wà nítòsí: "Ọmọ mi, bá mi wò ó, èló ni wọ́n fi ránṣẹ́?" Nígbà tó bá fẹ́ gba owó náà, á tún pe nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sókè kí ẹlòmíràn bá a tẹ̀ ẹ́. Ta ní í fi kọ́kọ́rọ́ àká rẹ̀ lé ẹni tó ń kọjá lọ lọ́wọ́? Lọ́jọ́ tí owó bá dín, ta ni yóò mú?

Àwọn kan á ní: "Kí wọ́n lọ kọ́ Faransé, òun ni èdè ẹ̀rọ." Irọ́ ni. Ẹ̀rọ kò ní èdè ìyá. Ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu ni ó ń sọ. Fóònù tó ń kọ Faransé lè kọ èdè wa, àmì orí rẹ̀ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Faransé dára fún ẹni tó bá ráyè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni ìyá oníṣòwò yóò fi kọ́ ọ kó tó mọ iye tó kù nínú owó rẹ̀? Èdè tó ti ń sọ láti kékeré, kò ní pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ni ẹlẹ́rìí.

Àwọn mìíràn á ní ta ni yóò gbọ́ tiwa. Ẹ rántí ọdún 2018. Ní oṣù keje, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pàṣẹ pé kí a máa san sẹ́fà 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ariwo sọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi fagi lé e. Ariwo tí a pa nítorí owó, kí ló dé tí a kò lè pa á nítorí èdè?

Nígbà tí ẹ bá tún lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: "Nàgó dà nínú rẹ̀?" Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá wá tọrọ ìbò náà. Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́ta wọ̀nyí sínú ìwé yín: "dépôt" ni fífi owó sí i, "retrait" ni yíyọ owó, "solde" ni iye tó kù. Nọ́ńbà àṣírí yín ńkọ́? Ìka ara yín ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́.